Mo Kúnlẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣùpá

Màámi,

Koko lara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà tí ẹ ń béèrè, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ohun tó dùn ni mo fẹ́ sọ.

Obìnrin tó ń bójú tó ilé ìkàwé tí mo ti ń nulẹ̀ fi ètò ọ̀fẹ́ kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ó kàn tẹ orúkọ ibi tí ẹ ń lọ lójú ọ̀run, yóò sì gbé yín débẹ̀. Lánàá, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, mo dé Júpítà. Mo yí Sátọ̀n po, èyí tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́dìí bí omidan. Kò sẹ́ni tó ní kí n mú ìwé wá.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ òṣùpá, ni ayé bá yọ sí mi, róbótó bí ọsàn. Ọ̀sán ti pọ́n níbí, àmọ́ mo rí i pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ yín. Màámi, n ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀ mà.”

Obìnrin náà sáré wá, ó ní kí ni mo sọ nù. Ojú tì mí, mo ní yẹtí mi ni. Ló bá kó sábẹ́ tábìlì, ó ń bá mi wá a. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Láàárọ̀ ọ̀la, tí ẹ bá ń gbálẹ̀ iwájú ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú sókè kí ẹ ní kí n dìde.

Èmi àbíkẹ́yìn yín.