Yìnyín Tó Fẹ́ Dá Àlàájì Dúró

                                        Agboolé Sàníù,
                                        Ìjàyè, lọ́nà Moniya,
                                        Ìbàdàn.
                                        12 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Adétutù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Sanmí ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi àbíkẹ́yìn yín sílẹ̀? Ẹ kú ooru Ọlọ́runṣògo lọ́hùn-ún. Ara tiwa le, a dúpẹ́. Ọkàn wa ni kò balẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi Roheem ló sì fà á.

O mọ̀ pé bàbá wa ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí. Físà wọn ò tíì jáde tí gbogbo Ìjàyè ti ń pè wọ́n ní Àlàájì. Àwọn àáfà ti ṣàdúà ìrìnàjò, wọ́n ti jẹ sàráà wa tán. Ìgbà náà ni Roheem, tó ń tún bàálù ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú l'Ékòó, wálé wá fi ọkàn bàbá balẹ̀.

Ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù rárá. Ó ní òkè lọ́hùn-ún tutù ju inú fìríìsà lọ, pé bí bàálù bá wọ inú ìkúukùu, omi a máa dì mọ́ etí ẹnu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, a di yìnyín. Bí yìnyín náà bá pọ̀ tó sì já, ẹ́ńjìnnì á gbé e mì, á sì ba abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú rẹ̀ jẹ́. Àmọ́ páìpù kan wà tó ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì náà wá sí ẹnu rẹ̀, kí yìnyín má baà ríbi dì sí. Páìpù yẹn ni òun ń yẹ̀ wò. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣàlàyé, ibi tó yẹ kó dúró ni kò mọ̀.

Bàbá béèrè ẹni tó ń ṣí páìpù náà bí bàálù bá ti wà lókè. Roheem ní awakọ̀ ni. Bó bá gbàgbé ńkọ́? Ó ní kì í gbàgbé. Bàbá ní, “Èmi náà kì í gbàgbé, àdá mi mẹ́ta ló wà nínú igbó báyìí.”

Ilẹ̀ mọ́, bàbá tú ẹrù wọn, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́, wọ́n gbé ọkọ́, ó di oko iṣu. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà péré. Ìyá wa ń sunkún pé ta ló fẹ́ lọ gba Àlàájì padà lẹ́nu ará Ìjàyè. Lèmọ́ọ̀mù bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Kí n má purọ́, inú bí mi sí Roheem. Ẹyin lọ̀rọ̀, tiẹ̀ sì ti fọ́ sí gbogbo wa lára.

Ló bá lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn láàárín ebè. Bàbá ní kó dìde, wọ́n bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni òun fúnra rẹ̀ ti wọ bàálù. Tutù ọ̀rẹ́ mi, ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń bá yìnyín jà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò wọ̀ ọ́ rí. Ẹ̀rù ń bà á. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó wọ̀ ọ́ lọ sí Àbújá, kó sì tún wọ̀ ọ́ padà.

Lọ́jọ́ Sátidé ó wọ̀ ọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú Alákíà. Bàbá jókòó síta, wọn ò fẹnu kan oúnjẹ títí ó fi wọlé nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà. Mo bi í bóyá ó rí yìnyín. Ó ní òun ò lajú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù wọn padà. Ìyá wa ní ṣé ẹ̀rù ò bà wọ́n mọ́ ni. Wọ́n ní, “Ó ń bà mí gan-an. Ó ń ba ọmọ mi náà, ó sì wọ̀ ọ́ nítorí mi. Kí ni mo tún fẹ́ wí?”

Ọ̀la ni wọ́n ń lọ. Bá wa kí Bàbá Sanmí àti àwọn ọmọ, kí o sì fi bàbá wa sádùúrà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò fẹ́ gbọ́ yìnyín sétí mọ́,
Kifayah.