Ìlú tí Èémí ti Wọ́n

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kẹta

La Paz, ìlú orí òkè gíga. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí a dé, èmi àti èémí mi kò tíì rẹ́. Inseop, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ orí okùn tó ń gbé èrò kọjá lókè ìlú, sọ pé ìlú yìí sún mọ́ ọ̀run. Mo ní mo mọ̀, ó kù díẹ̀ kí n kan ilẹ̀kùn wọn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àyà mi kò bá dára lójú dókítà lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, òun á dá mi padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Kòríà.

Dá ta ni padà? Ta ni yóò mú Daon, ọmọ rẹ̀, lọ sílé ìwé? Ta ni yóò máa lé Bọ́ọ̀lù kiri? Garam lorúkọ gidi Bọ́ọ̀lù yìí, àbúrò Daon, ọmọ ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n kì í rìn, yíyí ló ń yí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni mo kọ ìyẹn sílẹ̀ láìwo ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí kí n tó mọ ááfábẹ́ẹ̀tì. Kí Olùkọ́ Pyo tó kọ́ mi wá wò ó.

Ìṣẹ́gun, 12

Mo ti rí ọgbọ́n dá sí àtẹ̀gùn ilé ìwé. Bí èémí bá ti ń tán, mo bẹ̀rẹ̀, mo tún okùn bàtà Daon so. Ó ní, "Ìyá àgbà, kò tú o." Mo ní, "Ó fẹ́ tú."

Ọjọ́bọ̀, 14

Ìtìjú. Ta ní í kó wọ ilé tuntun láìfún aládùúgbò ní àkàrà ìrẹsì ẹlẹ́wà pupa? Láti àárọ̀ ni mo ti gbé e kaná. Omi ń hó bí ẹni tínú ń bí, ẹ̀wà kò rọ̀. Omi òkè yìí, ariwo lásán ni. Hyewon, ìyàwó ọmọ mi: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e jáde." Mo gbé e jáde.

Doña Hilaria ìsàlẹ̀ ilé, obìnrin alákẹtẹ̀ dúdú tí yẹ̀rì rẹ̀ fẹ̀ bí àgọ́, fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó bu díẹ̀. Ó jù ú sílẹ̀! Lójú mi! Mo gun àtẹ̀gùn padà láìdúró lẹ́ẹ̀kan. Ìbínú ní èémí tirẹ̀.

Ẹtì, 15

N kò kí i.

Àìkú, 17

Àlejò lójú, kò fi ríran. Hyewon gbọ́ èdè wọn, ó lọ bi í. Àṣé ilẹ̀ ni Hilaria bù fún. Ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ lọ́dọ̀ wọn. Mo lanu. Ìyá tó bí mi kò jẹ́ jẹun lóko kó má kọ́kọ́ ju díẹ̀ sígbó, kó pariwo "Gosure!" kí àwọn ẹ̀mí ilẹ̀ náà lè jẹ.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀ — ó tì o, mo rọra ni. Mo ju àkàrà sílẹ̀: "Gosure!" Hilaria da bíà lé e: "Gosure!" Ó wá kọjú sí Hyewon: "Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé ilẹ̀ nìkan ló lè jẹ ẹ̀wà yẹn. Eyín tirẹ̀ le ju tèmi." Ó yá mi ní ìkòkò onídèérí rẹ̀, èyí tó ń súfèé.

Ọjọ́rú, 20

Ẹ̀wà rọ̀ bí oorun. Mo gba ìkòkò yìí gbọ́ ju Inseop lọ.

Ẹtì, 22

Hyewon kò jẹun dáadáa. Inseop bi í pé kí ló dé. Ó ní òkè ni. Nílé yìí, gbogbo nǹkan, òkè ni.

Ọjọ́ Ajé, 25

Ọ̀la ni dókítà. Mo bẹ Daon pé kó pa ẹnu mọ́. Ó ní súìtì mélòó?

Ìṣẹ́gun, 26

Dókítà, ọmọ kékeré onírùngbọ̀n. Ó bi mí bóyá mo máa ń sinmi lójú ọ̀nà. Mo ní rárá o. Daon, tó ti jẹ súìtì mi tán: "Irọ́ ni! Bàtà mi ló ń so ní gbogbo ìgbà!"

Hyewon túmọ̀ rẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń dúró kò níṣòro, àwọn tó ń sáré ni wọ́n ń gbé wá bá òun. Àyà mi dára. Kí n máa gbé ìlú yìí lọ. Mo ní kí Hyewon sọ fún un pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kò sọ ọ́.

Nínú ọkọ̀ orí okùn, àwọn ilé tò sábẹ́ ẹsẹ̀ wa bí páálí ìṣáná, àwọn ọmọ fi imú lẹ gíláàsì. Hyewon ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Mo ti ń gbàdúrà kí dókítà ní kí ẹ padà sílé. Èmi àti àwọn ọmọ là bá sìn yín lọ. N kì bá padà wá mọ́."

Gbogbo bí mo ṣe ń fagídí ṣe alágbára, ọ̀nà ilé rẹ̀ ni mo ń dí. Mo wá òwe. Òwe kò wá — èmi olówe! Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Sunkún, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wá nínú ọkọ̀ yìí." Ó sunkún. Mo bá a sun díẹ̀. Obìnrin kan tí a kò rí rí na aṣọ ìnujú sí wa, òun náà ń sun tirẹ̀.

Inseop ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó ti gbọ́ pé ara ìyá òun le, ó ń yọ̀, ó gbé Bọ́ọ̀lù sókè. Mo ti ní kó gbé ọmọ sílẹ̀, kó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀.