Àdúrà Tí A Gbà fún Hana

Ilé yín ní Upney, Barking,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Gbémi, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí níbẹ̀? Ṣé oúnjẹ ń wọlé sí ọ lẹ́nu ní ilẹ̀ Kòríà tí wọ́n rán ọ lọ? Àwa tó o fi sílé wà láàyè, ọkọ rẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀ láyọ̀, Jésùfẹ́mi ọmọ rẹ ń jẹun kò sì dá nǹkan kan ṣẹ́kù sínú abọ́, ẹsẹ̀ mi tó máa ń dùn mí ní abúlé náà ti gbàgbé láti dùn mí láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ọlọ́run tó fi òfurufú gbé ọ lọ láìjábọ́ ni yóò gbé ọ bọ̀. Ojú rere ni yóò máa pàdé rẹ lọ́nà. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín ohun rere, wọn ò ní wá ọ tì. Àmín.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ tó gùn ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ọ̀la ni, fóònù ò sì gba ọ̀rọ̀ tó gùn, torí nígbàkigbà tí mo bá pè ọ́ lo máa ń sọ pé Màmá, mo wà ní ìpàdé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará Kòríà, ohùn mi sì gbọ́dọ̀ gba àárín ìlú wọn kọjá kó tó dé etí rẹ, ta ló mọ ẹni tó ń tẹ́tí lélẹ̀ lọ́nà? Ọkọ rẹ ní òun á ya fọ́tò lẹ́tà yìí, pé kí n tó dé bírò mi pa, yóò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ní kó ya iwájú, kó ya ẹ̀yìn, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn má baà ṣẹ́kù sí Upney. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní òun á yà á. Ọmọ dáadáa ni, mo ti sọ fún ọ tipẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kó o má tíì gbà fún ọkùnrin àgbà tẹ́ ẹ jọ lọ yẹn títí wàá fi ka ìwé yìí dópin.

Inú mi dùn sí ọ, Gbémi. Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ sọ fún mi pé nínú gbogbo èrò ọ́fíìsì yín ní London, ìwọ àti ọkùnrin yẹn ni wọ́n mú pé ẹ lọ bá àwọn ará Kòríà sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè máa ra ọjà yín, àti pé ìwọ ló máa dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbààgbà wọn, pé bó o bá sọ ọ́ dáadáa wọn yóò fi ọ́ ṣe máníjà, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé yín, mo sunkún ayọ̀. Ọmọ tí mo máa ń pọ̀n lọ wú gbáàgúdá lóko! Mo ti sọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Longbridge. Mo ti sọ fún obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tó jókòó tì mí ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo rí i pé inú ẹ̀ dùn sí ọ.

Nígbà tó o lọ tán, ilé dá. Bí ọmọ bá ti lọ sílé ìwé tí ọkọ rẹ náà jáde, ó ku èmi àti tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kí Jésùfẹ́mi bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń fi Kòríà hàn, kí n lè máa rí ibi tí màmá ẹ̀ wà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, Kòríà yọ. Mo rí ọ́fíìsì, Gbémi. Ilé gogoro tó jẹ́ kìkì gíláàsì, àwọn obìnrin tó wọ kóòtù àti bàtà gíga, tí wọ́n ń rìn kánmọ́kánmọ́ bí ẹni tí wọ́n ń pín ogún dè. Mo ń wá ọ láàárín wọn. Bí èrò bá ti ń wọ inú ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè, mo máa dìde lọ sún mọ́ ọn, kí n lè wo ojú àwọn tó wà lẹ́yìn. Mi ò rí ọ. Mo ní bóyá yàrá míì ni wọ́n fi ọ́ sí.

Tẹlifíṣọ̀n yín sì lẹ́kọ̀ọ́ o. Bí mo bá ti jókòó pẹ́ níwájú ẹ̀, á dúró, á kọ nǹkan sójú, Jésùfẹ́mi ní ó ń béèrè bóyá mo ṣì ń wò ó ni. Mo ní kó bá mi dá a lóhùn pé mo wà níbí, mo dúpẹ́. Èyí tó wà nílé wa ní abúlé ò bi mí rí bóyá mo kú, bóyá mo yè.

Àwọn ará Kòríà yìí, mo fẹ́ràn wọn. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀hún ni mi ò mọ̀. Wọ́n ń kí àgbà. Ọwọ́ méjèèjì ni ọmọdé wọn fi ń gba nǹkan, bí wọ́n bá sì fẹ́ mu nǹkan lójú àgbà, wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ń sá ata sórí ẹní. Wọ́n ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé Aládùúrà ni wọ́n, sùtánà wọn nìkan ni mi ò tíì rí. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé wọn kì í kúnlẹ̀ délẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n kàn ń tẹ̀. Mo rò pé òtútù ló fà á.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ọ́fíìsì náà tó ń jẹ́ Hana. Etí òkun ni wọ́n bí i sí, ẹja gbígbẹ ni ìyá ẹ̀ ń tà. Hana ló ń ṣiṣẹ́, ẹlòmíì ló ń gba ìyìn. Ọ̀gá obìnrin kan wà lórí ẹ̀, Madam Kímù, tó gé irun mọ́lẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín. Madam Kímù ń wá àga ńlá kan, Hana náà ń wá a, bẹ́ẹ̀ àga ọ̀hún, ọkùnrin nìkan ló ń jókòó lórí ẹ̀ láti ayébáyé. Ojú ọmọ yẹn rí màbo. Á lọ sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀, á nu ojú, á kun ètè ẹ̀ pupa, á padà sẹ́nu iṣẹ́. Òyìnbó ni wọ́n ń kọ sísàlẹ̀, Jésùfẹ́mi ló ń fi Yorùbá ẹ̀ tó ń kọsẹ̀ túmọ̀ ẹ̀ fún mi bó bá dé láti ilé ìwé. Mo máa ń sọ fún Hana pé má dá wọn lóhùn, jókòó ti iṣẹ́ rẹ. Kò gbọ́, àmọ́ mo ń sọ ọ́.

Nígbà tó wá di ọjọ́ tí Hana ń kó ẹrù ẹ̀ sínú páálí, tó ní òun ń padà lọ sọ́dọ̀ ìyá òun, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní ìyá tó bí i ò mọ̀ pé ọmọ òun ń sunkún, èmi tí mo mọ̀ ńkọ́? Ní ọjọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, nígbà tí Wòlíì Olúfúnṣọ́ ní kí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ jáde, mo jáde nínú sùtánà mi, mo ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà fún ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hana, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kòríà, tí wọ́n fẹ́ gba ipò mọ́ lọ́wọ́. Wòlíì béèrè orúkọ ìyá ẹ̀, torí orúkọ ìyá la fi ń gbàdúrà. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí wọ́n máa pè é ní ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja.

Ìjọ gbàdúrà, ilé mì tìtì. Wòlíì ní kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì gbà á, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn gbà á, àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì gbà á. Arákùnrin Adégbọlá tó ń wa bọ́ọ̀sì, tí kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni, gbà á pẹ̀lú wa, ó ní òun náà bí ọmọ obìnrin. Ní ọjọ́ tí ààwẹ̀ parí, ṣé o gbọ́, Hana dìde níwájú àwọn bàbá olówó, ó sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n, Madam Kímù gan-an ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fi í jókòó sórí àga. Mo jó yí ilé ìdáná yín po. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá yìí, mo fi owó oúnjẹ tó o fi sílẹ̀ ra ọ̀pẹ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn àti àbẹ́là, mo gbé e lọ síwájú pẹpẹ, a ṣe ìdúpẹ́ Hana.

Àná ni ojú mi là. Tẹlifíṣọ̀n fúnra ẹ̀ gbé òmíì wá, mo wò ó, mo rí Hana. Ó wọ aṣọ ayé àtijọ́, ó kó irun rẹpẹtẹ lérí, ó jókòó ti ọba kan, wọ́n ń pè é ní olorì. Mo ní kí lèyí? Ọmọ tí a febi panú nítorí iṣẹ́ ẹ̀, ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ fẹ́ ọba? Inú bí mi, mo pe ọkọ rẹ. Ó jókòó tì mí, ó rọra ṣàlàyé pé eré ni, pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ Hana, pé wọ́n sanwó fún obìnrin yẹn kó sunkún ni, wọ́n sì tún sanwó fún un kó ṣe olorì. Ó wá ní ẹkún Hana kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n tìẹ jẹ́ òótọ́. Ìgbà yẹn ló sọ fún mi pé o pe òun, pé o sunkún, pé ọkùnrin yẹn ní kó o jókòó kí òun sọ ọ̀rọ̀ náà lọ́la, torí òun làwọn bàbá Kòríà ń wò bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, àti pé o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un.

Ojú tì mí nítorí Hana, ṣùgbọ́n tìẹ ló dùn mí wọra. Gbogbo ìgbà tí mò ń wá ọ láàárín èrò inú tẹlifíṣọ̀n, o wà níbì kan tó ò ń sunkún, ẹnì kan ò sì dárúkọ rẹ nínú ìjọ.

Láàárọ̀ yìí mo lọ bá Wòlíì nílé ẹ̀ ní Eastbury. Mo kúnlẹ̀, mo ro ó fún un látòkè délẹ̀, mo ní mo ti fi ìjọ Ọlọ́run gbààwẹ̀ fún ẹni tí kò sí. Ó tẹ orí ba, èjìká ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ẹ̀mí ló bà lé e, àṣé ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Nígbà tó rí ara ẹ̀ gbà, ó wò mí, ó ní,

"Màmá, ta ni tiyín tó wà ní Kòríà?"

Mo ní Gbémi ni. Ó ní ṣé obìnrin ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé iṣẹ́ ló bá lọ, mo ní iṣẹ́ ni. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́, mo ní Wòlíì, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ lọ sọ fún un pé a ti gba ààwẹ̀ ẹ̀ tán."

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn. Mo ti pe àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó bínú. Arákùnrin Adégbọlá ní òun ti mọ̀ pé òun ò lè febi panú lásán. Àdúrà kì í já sófo, Gbémi. Ẹni tí a dárúkọ kò sí, wọ́n sì ti san owó iṣẹ́ ẹ̀ fún un, àmọ́ a gba àdúrà náà, ó gòkè, Kòríà la sì ní kó lọ. Ọmọ ìjọ wa wo ló tún wà ní Kòríà bí kò ṣe ìwọ?

Mo tọ́ ọ pé kó o bọ̀wọ̀ fún àgbà, mi ò sì sọ pé kó o ṣíwọ́. Bó o bá dé ibẹ̀ lọ́la, kọ́kọ́ kí ọkùnrin yẹn, fa àga fún un kó jókòó. Kúnlẹ̀ fún àwọn bàbá Kòríà, kúnlẹ̀ délẹ̀ o, kí wọ́n rí i bó ṣe yẹ kó rí. Lẹ́yìn náà kó o dìde, kó o sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rán ọ. Ẹni tó kúnlẹ̀ kí àgbà ṣì ń dìde, a kì í wà níbẹ̀ títí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo bi Wòlíì bóyá ìdúpẹ́ Hana náà lè di tìẹ, ó ní ààwẹ̀ nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ti jẹ ọ̀pẹ òyìnbó yẹn. Torí náà fi owó èso àti àbẹ́là ránṣẹ́, kó o fi díẹ̀ lé e tí màá fi ra aṣọ funfun, èyí tí mo ní ti ń wọ́ lẹ́yìn, mi ò sì fẹ́ kí ìyá máníjà jáde bẹ́ẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ. Sọ fún ọkọ rẹ pé kó fi lé mi lọ́wọ́, kó má fi í sínú fóònù mi, torí mi ò mọ ibi tó máa ń gbà jáde níbẹ̀.

Olúwa yóò tú ahọ́n rẹ. Ẹnu rẹ ò ní gbẹ lọ́la. Àyà rẹ ò ní já. Ibi tí wọ́n ti ń wo ẹlòmíì ni ojú wọn yóò ti yí sọ́dọ̀ rẹ, ohun tó o bá sọ ni wọn yóò sì gbé ṣe. Bó o bá jẹ́ máníjà, ọmọ mi ni ọ́, bí o kò bá jẹ́ ẹ, ọmọ mi náà ni ọ́, ṣùgbọ́n má fi ẹnu ara rẹ fi àga sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ebi pa odindi ìjọ nítorí rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Magdalene, tí kò bí Hana, tó bí Gbémi.