Odi Tí Ọkọ Mi Mọ Kò Mì

Àǹtí Haunani mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú sí Leimomi yín o: mo ti lọ́kọ láti oṣù kọkànlá, mi ò sì sọ fún yín. Mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ ní Las Vegas. Ara wa le níbí. Orúnkún Màmá ti san, wọ́n tún ti ń lọ sí oko kókò wọn.

Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá mi Keawe, ni wọ́n ní kí n pa ẹnu mọ́. Ẹ mọ̀ pé àwọn ló ń darí àwọn tó ń tún odi adágún ẹja mọ ní Kaloko létí òkun, òkúta lórí òkúta láìsí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí Makoa mi wá tọrọ mi, wọ́n ní kó kọ́kọ́ mọ apá kan. Wọ́n gun orí ẹ̀, ó mì.

"Ṣé eyín arúgbó lo tò síbí ni? Tú u palẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tú u. Ìgbà karùn-ún, kò mì mọ́.

"Ẹ lọ ṣègbéyàwó," ni Bàbá wí, "ṣùgbọ́n ẹ má tíì pariwo, kí ìgbì ìgbà òtútù kọ́kọ́ lù ú ná."

Àǹtí, ìgbì oṣù kìíní ga ju ilé lọ, mo sì sunkún. Nígbà tí òkun rọlẹ̀, a sáré débẹ̀: òkúta kan ò yẹ̀. Bàbá gbá Makoa lẹ́yìn. "Àna mi, wá jẹun."

Wọ́n ti fi àlàfo sílẹ̀ lórí odi náà, kí ẹbí to òkúta kọ̀ọ̀kan sí i lọ́jọ́ ìdúpẹ́ wa. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn to tiyín. Ẹ mú bàtà tí kì í yọ̀ wá. Ọlọ́run á gbé yín délé láyọ̀. Kí gbogbo yín ti dé ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, tí í ṣe ọjọ́ ìdúpẹ́ náà.