Ohùn Rẹ Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ-ọmọ tí mi ò tíì fojú rí. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ọ̀fun rẹ sì ti máa san díẹ̀díẹ̀. Ní tèmi, orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń ríran, ọwọ́ ṣì lè di bíírò mú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Kí n tó sọ ohun mìíràn, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Irọ́ ni mo pa fún ọ lọ́jọ́ tí mo ní kí o wá dán máíìkì tuntun wò. Ọ̀gá àgbà ibùdókọ̀ ojú irin ti pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ṣáájú. Ó ní ẹ̀rọ kan ń bọ̀ tí yóò máa kéde ọkọ̀ fúnra rẹ̀, pé ẹnì kan ṣoṣo nínú àwa akéde ni yóò kù nínú yàrá ìkéde láti máa tẹ bọ́tìnnì. Ó ní kí èmi tí mo jẹ́ olórí yàrá yan ẹni náà. Mo yan ara mi. Ohùn tèmi ò dára tó tìrẹ, nítorí náà mo mú ohùn rẹ, mo sì ti ìwọ fúnra rẹ jáde.

Mo rántí bí o ṣe jókòó, tí o ń mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú kọ́ọ̀bù rẹ tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́. Mo ní kí o ka nọ́ńbà, kí o pe orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan, kí o sọ "yóò gbéra," kí o sọ "ó ti pẹ́ díẹ̀," kí o sì máa dánu dúró láàárín wọn. O ní, "Ọ̀gá, ṣé jẹ́lé-ó-sinmi lẹ fẹ́ dá mi padà sí ni, tí mo fi ń ka ení, èjì?" Mo ní, "Ìdánwò lásán ni, máa kà á lọ." Nígbà tí o lọ tán, mo fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gé téèpù náà sí wẹ́wẹ́, mo sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, kí ẹ̀rọ lè máa fi ohùn rẹ kéde.

Ìwé ìdádúró rẹ dé kí oṣù tó parí. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, o wá wọ ọkọ̀ bí èrò. Mo ń wò ọ́ láti ojú fèrèsé. Ẹ̀rọ pe ọkọ̀ rẹ, ohùn rẹ ló sì fi pè é. O gbé báàgì sílẹ̀, o gbọ́ ọ dé ìparí, o gbójú sókè wò mí. O ò bú mi. O gbé báàgì rẹ, o wọ ọkọ̀ tí ohùn ara rẹ pè, o lọ. Láti ọjọ́ náà, o ò kí mi mọ́. Ìwọ tó jẹ́ pé kí n tó ti ilẹ̀kùn dé láàárọ̀, mo ti máa ń gbọ́ "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni pé nígbà tí àìsàn ọ̀fun gba ohùn rẹ, o rán ọmọ rẹ ọkùnrin sí mi pé bóyá téèpù kan ṣẹ́ kù, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè mọ bí ìyá àgbà wọn ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo wo ojú ọmọ náà, mo ní wọ́n ti sun gbogbo rẹ̀. Wọn ò sun ún. Inú àpótí aṣọ mi ni wọ́n wà pẹ̀lú àwọn ègé tí ẹ̀rọ ò lò, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé wọn. Ohùn tèmi náà wà níbẹ̀ tí mo ń sọ pé ìdánwò lásán ni. Ìyẹn ni mo ń fi pamọ́. Àbùkù ara mi ni mo dáàbò bò, mo sì fi ohùn rẹ dù ọ́.

Láìpẹ́ yìí, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ọgbọ́n àtọwọ́dá, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ́ láti ronú kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí mi. Ó ní àwọn fẹ́ ohùn tí àwọn èrò fẹ́ràn láyé àtijọ́ fún gbogbo ibùdókọ̀. Ó ní tí ẹ̀rọ ìsinsìnyí bá ti gbọ́ ohùn ènìyàn díẹ̀, kò sí ohun tí kò lè fi í sọ. Inú mi dùn pé ẹnì kan ṣì rántí iṣẹ́ mi. Mo sọ ìtàn yàrá wa fún un, títí kan bí o ṣe máa ń kí mi, mo sì yá a ní téèpù kan. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ṣe é. Bí àgbà bá jìn sí kòtò kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ta ni yóò di ẹ̀bi rù?

Ó padà wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ nǹkan." Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ jáde ketekete: "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Omi bọ́ lójú mi. Ọmọ náà rò pé ayọ̀ ni. Àbúrò mi, ìkíni tí mo ti ń retí láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú ni ẹ̀rọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ ò sì mọ̀ sí i. Bí o ò bá kí mi, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ta ló fún mi láṣẹ láti gba ìdáríjì lẹ́nu rẹ nígbà tí o ò sí níbẹ̀? Àárín ìṣẹ́jú yẹn ni mo pinnu pé mi ò ní í dákẹ́ mọ́.

Iléeṣẹ́ náà pe àwọn èrò àti òṣìṣẹ́ sí ìpàdé lórí ohùn náà ní gbọ̀ngàn tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀, mo sì lọ. Afọ́jú tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ní, "Ẹ̀yin ń rí pátákó kà. Ohùn tó bá já gaara ni tèmi, ẹ̀rọ ni o, èèyàn ni o." Òótọ́ ló sọ, mo pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní, "Ẹ máa pàtẹ́wọ́ o. Lónìí ohùn ni, lọ́la àga tí mo jókòó lé ni." Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀rọ ò kúkú ní í fi èébú kún ṣéńjì fún wa bíi tìẹ!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan wá dìde, ó ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ohùn ọmọ mi pè mí pé òun wà nínú wàhálà, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe òun?" Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Aṣojú iléeṣẹ́ náà ní kí ọkàn wọn balẹ̀, pé olóhùn fúnra rẹ̀ ló gbà kí wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀. Mo fi ọ̀pá ti ara mi dìde. Mo ní, "Kò gbà. Èmi ni mo tàn án." Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò dá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sí. Ẹnì kan ní, "Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ tijú!" Mo ní, "Ojú ń tì mí. Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn. Ẹ̀rọ kọ́ ló purọ́ fún un. Ẹ lọ bi olóhùn léèrè, ohun tí èmi ò ṣe nìyẹn."

Wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Mo gba téèpù tí mo yá wọn padà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì pa ìkíni yẹn rẹ́ lójú mi. Mi ò lè búra pé kò ṣẹ́ kù síbì kan nínú ẹ̀rọ wọn. Nítorí náà, mò ń lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo sì ń jókòó síbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti sọ mí ní Bàbá Aláìlọ. N ò ní í lọ lóòótọ́, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan ohùn rẹ láìgbàṣẹ lẹ́nu rẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin iléeṣẹ́ náà sọ ohun kan tí kò yẹ kí n fi pamọ́. Ó ní ẹ̀rọ kan náà lè ran ẹni tí ohùn rẹ̀ ti lọ lọ́wọ́: wàá máa tẹ ọ̀rọ̀, yóò sì máa fi ohùn rẹ àtijọ́ sọ ọ́ jáde fún àwọn ọmọ-ọmọ. Bí o bá fẹ́, kí wọ́n wá bá ọ. Bí o bá kọ̀, kí wọ́n jókòó sílé wọn. Mi ò ní í bá ọ yàn. Mo ti yàn fún ọ rí.

Ọmọ rẹ tí mo purọ́ fún ni mo ránṣẹ́ pè. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gbé àpótí lé e lọ́wọ́. Gbogbo téèpù ló wà níbẹ̀, mi ò sì yọ ohùn tèmi kúrò. Afọ́jú tó ń tún rédíò ṣe ní òun ṣì ní ẹ̀rọ àtijọ́ tó lè gbé ohùn inú wọn jáde, yóò sì bá ọ gbé e wá sílé. Kò di dandan kí o kí mi.

Kí ara rẹ le. Kí ilé rẹ má ṣe dákẹ́. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn gbà lọ́wọ́ rẹ, kí Ọlọ́run fi èyí tó dára jù ú lọ dí i.

Èmi ni,
Ọ̀gá rẹ àtijọ́, tí kò ṣe bí ọ̀gá.

Mo tún rántí: Nísàlẹ̀ àpótí náà, wàá rí àpò ìwé kékeré kan. Ègé téèpù tí kò gùn ju apá ènìyàn lọ ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí o fi ọ̀rọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe yẹ̀yẹ́ mi, o rẹ́rìn-ín. Ibùdókọ̀ ò nílò ẹ̀rín, mo gé e kúrò, ṣùgbọ́n mi ò lè jù ú nù. Mi ò fi han iléeṣẹ́ kankan. Ẹ̀rín rẹ ni. Gbà á.