Aago Ọwọ́ Ọ̀tún

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Mo ti ra á. Aago Siwitsalandi àtijọ́, kékeré, èyí tí à ń fọwọ́ yí kó tó rìn. Ọkùnrin tó tà á—Ojú-Kan ni mo sọ ọ́, gíláàsì tó fi ń tún aago ṣe kì í kúrò lójú rẹ̀ kan—kọ́kọ́ gbé èyí tó fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò fún mi. Mo ní rárá, kékeré yẹn. Ó ní tobìnrin ni lóòótọ́. Ọkùnrin kan wọlé, ó nawọ́ sí i. Ojú-Kan ní tọkùnrin ni. Ojú ò tiẹ̀ tì í. Nígbà tí mo wò ó, ó ní tọkọtaya ló lè lò ó. Mo yáa sanwó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ọwọ́ ọ̀tún ni mo so ó mọ́, kí gbogbo wọ́ọ̀dù rí i. Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi ní ṣé ọmọ mi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìlara. Aago tiẹ̀ tóbi, síbẹ̀ kò débi iṣẹ́ lásìkò rí.

Ọjọ́rú, 6
Nọ́ọ̀sì yẹn ṣì ń wò ó.

Ọjọ́bọ̀, 7
Tíṣà—bàbá tó ti fẹ̀yìntì, ibùsùn ẹ̀bá fèrèsé—bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń mú kí ọkàn rọra máa lù. Òfin rẹ̀ ò ṣòro: kí n ka bí ọkàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko, bí kò bá tó ọgọ́ta, n ò gbọdọ̀ fún un. Lónìí, ọgọ́rin. Mo fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Kí ló ń lé àwọn ọkùnrin yìí? Ọkàn gbogbo wọn ń sáré, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo pe Dókítà Àná. (Àná ló jáde iléèwé.) Ó ní kí n tún un kà. Èmi, ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi aago mi wé tara ògiri lójú ẹ̀: wákàtí bára mu, ìṣẹ́jú bára mu. Ó yí padà, ó lọ.
Tíṣà nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́: mẹ́rìndínláàádọ́rin. Mo fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Tíṣà ní òòyì ń kọ́ òun. Ìmẹ́lẹ́. Kò kàn fẹ́ dìde ni. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo fún un.

Ọjọ́ Ajé, 11
Láàárọ̀, ọgọ́ta géérégé. Mo fún un. Nígbà tí mo ṣíwọ́, mo ya ọ̀dọ̀ Ojú-Kan kó bá mi gé okùn aago kù. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì ti tú nídìí, ó ń yọ̀, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ló fi ń yí po. Ìyókù ò ṣe nǹkan kan. Ó bi mí pé kí ni mo ń fi ọwọ́ yẹn gbọ̀n. Mo fẹ́ bú u. Tẹmómítà, tí à ń gbọ̀n kó wálẹ̀ ká tó fi wọn ooru ara. Ogún ìgbà láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì gan-an ò jẹ́ so aago mọ́bẹ̀.
Nítorí náà ọkàn ẹnikẹ́ni ò sáré. Èmi ni mò ń kà kọjá ìṣẹ́jú. Tíṣà wá ńkọ́? Ọgọ́ta tí mo kà fún un ò pé ọgọ́ta.
Mo sáré padà. Dókítà Àná ti wà níbẹ̀, ó ti kà á fúnra ẹ̀: ogójì. Abẹ́rẹ́ wà lápá Tíṣà, ó ń mí, kò lè sọ̀rọ̀. Dókítà ní, "Máàmì, báwo lẹ ṣe kà á?" Mo sọ gbogbo ẹ̀, àti aago, àti tẹmómítà, àti ìmẹ́lẹ́ tí mo pè é. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fa àga fún mi, ó ní kí n jókòó, kí n mu omi. Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi.