Òwú Pupa Ọwọ́ Ọ̀tún Dára

                                        Ojúlé 27, Òpópónà Larkmere,
                                        Sugar Land, Houston,
                                        Texas, Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Kùdírátù, ọ̀rẹ́ mi tó di ẹbí,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá Màríàm ńkọ́, ṣé ìbàdí tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Màríàm ìyàwó tuntun ńkọ́, ṣé ilé ọkọ tura fún un? Mo mọ̀ pé wàá ti máa yí àpòòwé yìí síwá sẹ́yìn, pé kí ló dé tí Fèyísọ́lá tó ní fóònù méjì ṣe ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Mo gbé fóònù náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tún gbé e kalẹ̀. Ọdún méjìdínlógún rèé tó jẹ́ pé ìkíni Kérésì àti ìkíni Iléyá nìkan là ń fi ránṣẹ́ síra wa, bí ẹni tó kàn jọ wọ ọkọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí nẹ́tíwọ̀kì á máa já mọ́ mi lẹ́nu. Àwa náà wà dáadáa. Bíyìí ọkọ mi ń kí ọ. Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo yẹn náà, ló ṣì ti ń ṣiṣẹ́, tó bá sì ti dé nírọ̀lẹ́, á máa ráhùn nípa sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà bí ẹni pé èmi ni mo kó àwọn mọ́tò síbẹ̀.

Ìròyìn ọmọ rẹ ni mo mú wá. Mo ní ọmọ rẹ, o gbọ́ mi dáadáa. Olúwadára tí o bá mi tọ́ fún ọdún mẹ́rin ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí èmi àti ìdánwò nọ́ọ̀sì ń wọ̀yá ìjà níhìn-ín, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ẹnjiníà ni ní Clear Lake, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ojú ọ̀run. Ní oṣù karùn-ún, ó wá bá mi ní kíṣìnnì, ó ní wọ́n ti mú òun láti ṣojú Texas níbi ìdíje ọmọge tó rẹwà jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa gbé sórí tẹlifíṣàn. Kùdí, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbaná! Ọmọ tí mo fi òógùn ojú rán lọ sí yunifásítì, tó wá fẹ́ máa fi aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ yan lójú gbogbo ayé! Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó ní òun ò tọrọ àyè, òun kàn ń sọ fún mi ni. Háà! Fún oṣù mẹ́rin gbáko, èmi àti ẹ̀ ò bára wa sọ̀rọ̀. Bíyìí ló ń gbé "sọ fún ìyá ẹ" àti "sọ fún ọmọ ẹ" kiri láàárín wa.

Kí n má parọ́ fún ọ, kì í ṣe aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ló ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ọmọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi, pé kò sí nǹkan kan tó jẹ́ tiwa lára rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Bíyìí ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, pé bí mi ò bá lọ, òun á mú ẹlòmíràn tó mọyì ọmọ dání. Mo mọ̀ pé ó ń tọ́ mi níjà ni, ṣùgbọ́n mo lọ. Gbọ̀ngàn ńlá kan láàárín ìlú Houston níbí ni wọ́n ti ṣe é, lọ́sàn-án Sátidé. Mo jókòó, mo ká ọwọ́ mọ́ àyà, mo lejú. Àwọn ọmọge ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ga, gbogbo wọn ń dán. Bí Dára ṣe yọ báyìí nínú gáùn aláwọ̀ ewé, mo gbàgbé pé mò ń bínú. Mo kígbe pé "Ọmọ mi rèé o!" débi pé obìnrin òyìnbó tó jókòó níwájú mi fò sókè. Bíyìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ń dín wọn kù títí ó fi ku márùn-ún, Dára sì wà nínú àwọn márùn-ún náà.

Ó wá ku ìbéèrè. Ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdì péré lẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti fi dáhùn, aago ńlá kan sì wà lára ògiri tó ń kà á sẹ́yìn. Bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo irun rẹ̀ ti funfun ni atọ́kùn ètò. Ó bi Dára pé ta ni ẹni tí ayé ò mọ̀, tó sọ ọ́ di irú ẹni tó jẹ́ lónìí, ó sì na máìkì sí i. Aago bẹ̀rẹ̀. Gáùn yẹn gùn, ọwọ́ ọ̀tún ni Dára fi ká etí rẹ̀ sókè kó má baà tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ òsì ló ṣófo, ìwọ náà sì mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí i. Mo rí i tí òsì náà jáde. Mo rí i tó fà á padà. Ó ju etí gáùn sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu gbálẹ̀. Ó tún ara ṣe, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba máìkì lọ́wọ́ bàbá náà. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ohun tó ń ṣe. Aago ti jẹ sẹ́kọ́ńdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó ní obìnrin kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń jẹ́ Kùdírátù. Ṣé o gbọ́? Wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ káàkiri Amẹ́ríkà! Ó ní kì í ṣe ìyá tó bí òun, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló máa ń so òwú pupa mọ́ òun lọ́wọ́, á sì máa sọ fún òun pé... Aago pariwo, wọ́n pa máìkì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ já sí. Ipò kẹta ni wọ́n fún un. Ọmọ Georgia kan tó ń jẹ́ Zoe ló gbé adé, ọmọ náà sì rẹwà, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Títí di òní ni wọ́n ń béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí ló ṣe ọwọ́ òsì ọmọ Texas.

Ṣùgbọ́n èmi, ọ̀rọ̀ òwú pupa yẹn ló mú ara mi tutù níbi tí mo jókòó sí. O mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí Dára wà lọ́dọ̀ rẹ, o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, mo rí òwú lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Tóyìn, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, wá sọ fún mi pé o kì í jẹ́ kó fi òsì gba nǹkan. Mo ro méjèèjì pọ̀, mo gbà pé ńṣe lo ń de ọmọ mi lọ́wọ́ torí pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Mi ò bi ọ́ léèrè. Mo pè ọ́, mo ní torí pé ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún ọ lo ṣe fẹ́ gba tèmi mọ́ mi lọ́wọ́. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ẹyin lohùn lóòótọ́. O di ẹrù ọmọ, o sì fi ọmọ ránṣẹ́ sí mi.

Ní ọjọ́ tó dé sí pápákọ̀ òfurufú Houston, ó rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí òwú wà sí mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Dípò kí n gbá a mọ́ra, ńṣe ni mo wọ́ ọ lọ sínú mọ́tò, mo yọ sísọ́ọ̀sì nínú báàgì iṣẹ́ mi, mo gé òwú náà dànù. Ó sunkún títí a fi délé. Mo ní ìrìn àjò ló rẹ̀ ẹ́.

Bí a ṣe ń darí bọ̀ láti ìdíje náà, àwa mẹ́ta la wà nínú mọ́tò. Mo bi í léèrè ohun tí o máa ń sọ fún un, èyí tí aago ò jẹ́ kó sọ parí. Nígbà tó máa sọ ọ́, Yorùbá ló fi sọ ọ́, Yorùbá rẹ̀ tó máa ń ta kọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní, "Màmi Kùdí máa ń sọ pé, 'Fi òsì kọ̀wé, fi òsì ju bọ́ọ̀lù, kò kàn mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí òwú yìí wà lo máa fi kí ìyá ẹ lọ́jọ́ tó o bá rí wọn, kí wọ́n má baà sọ pé mi ò kọ́ ẹ.'" Ó wò mí nínú dígí. "Mo sì na ọwọ́ yẹn sí yín, Mọ́mì."

Bíyìí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa ẹ́ńjìnnì. Kùdí, mo sunkún. Ọmọ tí mo rò pé o fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, èmi lo ń tọ́ ọ pa mọ́ dè.

Ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun. O ṣeun fún èéyi tó mú un tí o ò sùn, fún irun tí o ń dì fún un, fún gbogbo ìkúnlẹ̀ tó mọ̀ ọ́n kún. O ṣeun fún "Bísímílláhì" tó ṣì máa ń sọ kó tó jẹun, tí pásítọ̀ wa ti wò títí tó sú u. O ṣeun pé o ò dá ọ̀rọ̀ burúkú mi padà fún mi, tó o sì ní ẹnu tó o lè fi dá a padà. Mo jẹ̀bi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Dára ń bọ̀ wálé ní oṣù kejìlá. Sáàṣì, ọ̀já tí wọ́n kọ Texas sí, tó gbé kọ́rùn lórí tẹlifíṣàn, ìwọ ló ní òun ń mú un wá fún, kò sì gbà kí n bá òun fi ránṣẹ́. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ ni màá dúró sí títí o fi máa ní kí n wọlé. Bá mi kí Bàbá Màríàm pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì bá mi gbá Màríàm mọ́ra.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o bá mi wá sílẹ̀: òwú pupa díẹ̀. Èmi náà fẹ́ mọ ọwọ́ tí màá fi kí ọ.

Èmi ṣì ni tìrẹ, bí o bá ṣì gbà mí,
Fèyísọ́lá,
Ìyá Dára kejì.